Spell check àti AI tó ń bá ni kọ̀wé, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń kọ̀wé ní Òṣogbo

Láti Òkè-Baálẹ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN wà, dé àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tó wà ní Old Garage àti Ọláìyá, ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ṣebí spell check náà ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí ló wá dé tí wọ́n ń pariwo AI?" Ìbéèrè gidi ni. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́, atẹ̀wé àti ẹnikẹ́ni tó ń kọ Yorùbá sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà la kọ àwọn ìdáhùn yìí fún.

Ẹ dá wa lóhùn tààrà: ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Spell check máa ń wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ, á sọ pé òun kò rí i nínú àkójọ òun, á sì dúró dè yín. AI máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì kọ. Òṣogbo ìlú aró ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ń yẹ àdìrẹ wò bóyá ó ní àbàwọ́n kọ́ ni ẹni tó rẹ ẹ́ láró. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àwọn méjèèjì ti wà nínú áàpù kan náà báyìí, bọ́tìnnì wọn sì fara kanra.

Kí ni spell check ń ṣe gan-an?

Ó ní àkójọ ọ̀rọ̀, bí ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n yọ ìtumọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, á wá a níbẹ̀. Bí kò bá rí i, á fa ìlà pupa sí i nísàlẹ̀, á sì wá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Sísúnmọ́ yìí ní ìṣirò. Ní 1964, Frederick Damerau kọ ọ́ pé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àṣìṣe sípẹ́lì ló jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin péré: lẹ́tà kan lé, lẹ́tà kan dín, lẹ́tà kan gba ipò òmíràn, tàbí kí lẹ́tà méjì tó tẹ̀ léra pààrọ̀ àyè. Vladimir Levenshtein, ará Rọ́ṣíà, gbé ìṣirò tó jọ ọ́ jáde ní 1965. Ọ̀pọ̀ spell check ṣì ń lo ìmọ̀ yẹn títí dòní. Ìdí nìyẹn tí "Tunde" fi lè di "Tune" nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì: ẹ yọ d kan, ó parí.

Kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú àkójọ, ó tọ́ lójú rẹ̀, ì báà má tilẹ̀ bá ibẹ̀ mu. Ìgbà kan wà tí àkójọ spell check kan kò ní "cooperation" tí a kọ láìsí àmì ìdè láàárín rẹ̀, ó wá ń dábàá "Cupertino", ìyẹn ìlú kan ní California. Àwọn tó gba àbá yẹn láìwò ó fi orúkọ ìlú náà sínú ìwé àwọn àjọ àgbáyé. Ẹ kíyè sí i, síbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bà jẹ́. Àwọn gbólóhùn yòókù ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ wọ́n.

AI ńkọ́, báwo ni tiẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

ChatGPT, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, àti àwọn tó tẹ̀ lé e bíi Gemini àti Claude, kì í wá ọ̀rọ̀ yín nínú àkójọ kankan. Wọ́n fi ìwé rẹpẹtẹ kọ́ wọn títí wọ́n fi mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé ohun tó ti wà nílẹ̀. Wọn a yan ègé ọ̀rọ̀ kan, wọn a fi kún èyí tó wà, wọn a tún yan òmíràn, títí ìpínrọ̀ á fi kún.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn lè yàtọ̀. Bí ẹ bá yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lẹ́ẹ̀mejì nínú spell check, ọ̀kan náà ni ẹ ó rí. Ìyàtọ̀ tó tún léwu jù ú lọ wà níbẹ̀. Spell check tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan á fi ìlà pupa jẹ́wọ́. AI tí kò mọ nǹkan sábà máa ń kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú.

Ìlà búlúù tó ń yọjú nínú Word ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe sípẹ́lì.

Gírámà nìyẹn. Ó sún mọ́ spell check níwọ̀n ìgbà tó bá ń tọ́ka sí ibì kan pàtó, tó ń sọ ìdí, tí ẹ sì lè ní ẹ kò gba àbá rẹ̀. Ó di nǹkan mìíràn níbi bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Rewrite" tàbí "Improve" sí. Grammarly bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú àyẹ̀wò gírámà. Ní 2023 ló fi AI tó ń kọ odidi ìpínrọ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, "Grammarly ni mo lò" kò tó láti fi dáhùn mọ́. Èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ lò?

Níbo gan-an wá ni ààlà wà?

Ẹ má wo orúkọ ẹ̀rọ. Ohun tó yí padà nínú ìwé yín ni kí ẹ wò. Ẹ bi ara yín pé: bí wọ́n bá gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi, ṣé gbólóhùn yìí á ṣì wà bó ṣe wà, àfi lẹ́tà kan tàbí méjì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò lẹ ṣe. Bí gbólóhùn náà kò bá ní sí rárá, ẹlòmíràn ló kọ ọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn méjì wò ó. Ẹnì kan tó ń wáṣẹ́ kọ báyìí:

"Mo ti ṣiṣẹ́ atẹ̀wé fún ọdún mẹ́ta ní Ìgbọ̀nà. Mo lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmi."

Àyẹ̀wò tó dára á fa ìlà sábẹ́ "àmi", á ní "àmì" ló yẹ kó jẹ́. Ó tán. Ẹ wá gbé e fún AI, kí ẹ ní kó "tún un ṣe kó dùn". Irú ohun tó máa ń jáde nìyí:

"Mo jẹ́ atẹ̀wé tó ní ìrírí tó jinlẹ̀, mo sì ti fi ọdún mẹ́ta darí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìgbọ̀nà, níbi tí mo ti pèsè iṣẹ́ tó péye fún onírúurú oníbàárà ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì."

Ẹ tún un kà. "Ṣiṣẹ́" ti di "darí". Onírúurú oníbàárà ti wọlé láìsí ẹni tó dárúkọ wọn. Gẹ̀ẹ́sì náà ti dé, ẹni tó ń wáṣẹ́ kò sì mẹ́nu kàn án. Àmì ohùn, ohun kan ṣoṣo tó mú ẹni yìí yàtọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún atẹ̀wé, ti pòórá pátápátá. Bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ní "Èèyàn mélòó lo darí?", kí ló máa wí? Kò pa irọ́ kankan nígbà tó ń kọ lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ti wà nínú èyí tó fi ránṣẹ́.

Èmi ni mo ní èrò náà, AI kàn bá mi tò ó ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n ń fi ìwé náà wò lára yín. Bó bá jẹ́ lẹ́tà pé mítà iná yín kò ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fún un ní máàkì. Kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣáà ti jẹ́ òótọ́. Àròkọ ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀, nítorí títo èrò gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ìpínrọ̀ kan, tó pa á rẹ́, tó tún un kọ, mọ̀ pé ibi tí gbólóhùn bá ti takú ni òye ti ń wọlé. Ẹ rò pé ìdí kan lẹ ní, ẹ wá fẹ́ kọ ọ́, ẹ rí i pé méjì ni, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. AI á fi "pẹ̀lúpẹ̀lù" so méjèèjì pọ̀, á kọjá lọ, ẹ kò sì ní mọ̀ láé pé wọ́n ń jà.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ fún olùkọ́ mi, tàbí fún jọ́nà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, pé mo lò ó?

Spell check, rárá. AI, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ilé atẹ̀wéjáde pàápàá ti fa ìlà yìí: Elsevier ní kí òǹkọ̀wé kéde AI tó bá lò láti kọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun èlò tó kàn ń yẹ sípẹ́lì, gírámà àti ìtọ́kasí wò kò nílò ìkéde. Jọ́nà Nature sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 pé AI kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé iṣẹ́ ìwádìí, torí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ lè dáhùn fún ohun tó kọ.

Bí ẹ bá wà ní UNIOSUN, Fountain tàbí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti parí, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ lórí ìwé tàbí í-meèlì kí ìdáhùn má baà di "mi ò rántí". Ìkéde tó dára kì í gùn. Ó ń sọ orúkọ ẹ̀rọ, apá ibi tí ẹ ti lò ó, iṣẹ́ tó ṣe àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àpẹẹrẹ: "Mo lo ChatGPT ní oṣù kẹta láti tọ́ka sí àṣìṣe gírámà ní orí kejì. Èmi ni mo kọ orí náà. Mo ka àbá kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà á." Bí ẹ kò bá lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́, ẹ ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyẹn.

Wọ́n ní ẹ̀rọ wà tó ń mọ ìwé tí AI kọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé. OpenAI, àwọn tó ṣe ChatGPT, gbé ọ̀kan jáde ní oṣù kìíní 2023, wọ́n sì gbà á padà ní oṣù keje ọdún náà torí pé kì í sábà tọ̀nà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Stanford yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 7 wò lórí àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà sọ pé AI ló kọ èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀ ní oríṣi àti gbólóhùn tó lọ tààrà ni àwọn ẹ̀rọ náà kà sí ti AI, bẹ́ẹ̀ irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní iléèwé nìyẹn. Olùkọ́ tó bá fi ẹ̀rí ẹ̀rọ yìí nìkan dá ọmọlọ́mọ lẹ́bi lè ṣẹ̀ sí ọmọ tó jókòó kọ iṣẹ́ rẹ̀ tọwọ́tọwọ́. Ó dùn wá púpọ̀ bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ máa kọ iṣẹ́ tààrà sínú fáìlì, ẹ má kọ ọ́ síbòmíràn kí ẹ wá lẹ odidi rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Nínú Google Docs, ẹ lọ sí File, Version history, See version history: á fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe dàgbà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ. Olùkọ́ náà lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìpínrọ̀ kan lẹ́nu fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn sàn ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

AI fún mi ní ìwé ìtọ́kasí mẹ́wàá fún pírójẹ́ẹ̀tì mi. Ṣé kí n lò wọ́n?

Ẹ má lo ọ̀kankan tí ẹ kò tíì fojú ara yín rí. AI lè hun orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún àti ojú ìwé pọ̀ lọ́nà tó jọni lójú, kí ìwé náà má sì sí láyé. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi síwájú ilé ẹjọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti bi ChatGPT bóyá òótọ́ ni àwọn ẹjọ́ náà, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ìtọ́kasí náà bá ní nọ́ńbà DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí doi.org, kí ẹ wò bóyá àkọlé kan náà ló jáde. Bí kò bá ní in, ẹ wá àkọlé rẹ̀ nínú Google Scholar tàbí kí ẹ mú un lọ sí láíbúrì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé tí wọ́n dárúkọ. Ìwé lè wà lóòótọ́, kí ohun tí AI ní ó sọ má sí nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí gbogbo Yorùbá mi fi ń ní ìlà pupa nínú Word?

Ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ. Ẹ yan apá tó jẹ́ Yorùbá, ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ yan Yoruba. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ fi àmì sí "Do not check spelling or grammar" níbẹ̀. Kí ẹ rí i pé apá tó jẹ́ Yorùbá nìkan lẹ yàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì yín náà á máa kọjá láìsí ìlà. Fún orúkọ èèyàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, kí ẹ yan "Add to Dictionary". Ẹ ṣe é fún orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti bọ́.

Mo kọ "ẹ̀kọ́" níbi méjì, mo wá a, ọ̀kan péré ni kọ̀ǹpútà rí. Kí ló fà á?

Èyí ló ń da àwọn atẹ̀wé Yorùbá láàmú jù, ó sì yẹ ká tú u palẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Ọ ní 1ECD. Ṣ ní 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni wọ́n ń fi àmì ohùn òkè, 0301, tàbí àmì ohùn ìsàlẹ̀, 0300, lé ẹ tàbí ọ lórí. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ lẹ́tà ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á tẹ è, tó jẹ́ 00E8, kó tó fi ẹ̀tọ̀ (ìyẹn dot) sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 0323. Ẹ̀kẹta kì í lo ẹ̀tọ̀ rárá, ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan, 0329, ló ń fi sísàlẹ̀. Lójú yín, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n lè jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, spell check á sì gba ọ̀kan, á kọ méjì.

Ẹ lè dán an wò. Nínú Word orí Windows, ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà gẹ́lẹ́, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀. Bó bá fi 0300 tàbí 0301 hàn, àmì ohùn ló gbẹ̀yìn. Bó bá fi 0323 hàn, ẹ̀tọ̀ ìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ẹ tún tẹ Alt àti X, á padà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́pì èyí tí kò tọ́ sínú "Find what", kí ẹ fi èyí tó tọ́ sínú "Replace with", kí gbogbo ìwé lè rí bákan náà. Láti ìgbà náà lọ, kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò fún iṣẹ́ kan. Ibi tó ti sábà máa ń bà jẹ́ ni bí èèyàn mẹ́ta bá pín ìwé ètò ìsìnkú kan tẹ̀, ẹnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù Gboard ti fóònù, ẹnì kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan lẹ̀ ẹ́ wá láti WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ yìí kan AI náà. "Ẹ̀kọ́" jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, ṣùgbọ́n báìtì 11 ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú rẹ̀ ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà. "School" tó ní lẹ́tà mẹ́fà kò ju báìtì 6 lọ. AI sábà máa ń gé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì sí wẹ́wẹ́ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìwé gígùn á sì tètè kún ìwọ̀n tí wọ́n gbà yín láyè láti lò.

Ṣé AI máa ń fi àmì ohùn sí Yorùbá dáadáa?

Nígbà mìíràn. Ó ní ohun kan tí spell check kò ní: ó máa ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ "Baba ra oko tuntun" láìsí àmì, ó ṣeé ṣe kó fún yín ní ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ ni baba, ọkọ́ ló rà. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ sí ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀, spell check á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Ẹni tó mọ baba nìkan ló lè tún un ṣe.

Orúkọ èèyàn àti ti ibì kan ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Òjó tó jẹ́ orúkọ lè di òjò tó ń rọ̀. Ọ̀ṣun wa lè di osùn tí wọ́n fi ń kun ara. Àwọn ìwé Yorùbá tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì, tàbí kí àmì wọn má pé, ohun tí AI sì kọ́ ló ń kọ.

Àṣìṣe wo ló tún máa ń ṣe tí spell check kò lè rí?

Èyí tó burú jù ni Yorùbá tí egungun Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. "Ní òpin ọjọ́, a ní láti gbé ẹgbẹ́ wa lọ sí ipele tó kàn": sípẹ́lì rẹ̀ tọ́, àmì rẹ̀ tọ́, síbẹ̀ kò sí ìyá àgbà kan ní Ọjà Ọba tó máa sọ̀rọ̀ báyẹn. Bí ọmọ bá ń ka irú rẹ̀ lójoojúmọ́, á rò pé bí Yorùbá ṣe ń dún nìyẹn.

Ọ̀wọ̀ tẹ̀ lé e. AI lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí Baálẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà", kó tó dé ìpínrọ̀ kejì kó ti máa kọ "a fẹ́ kí o wá". Ẹ wá gbogbo "o", "ọ" àti "rẹ" nínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ àgbà, kí ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òǹkà náà ńkọ́? 45 ni márùndínláàádọ́ta, ṣùgbọ́n ẹ lè rí "ogójì àti márùn-ún", bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti òwe, ó lè túmọ̀ ti èdè mìíràn kó fi "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní" ṣíwájú rẹ̀. Oríkì ìdílé ni kí ẹ má gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ẹ lọ bá àwọn àgbà agbo ilé yín. Oríkì tí AI bá hun pọ̀, tí wọ́n sì kà á sókè níbi ìsìnkú, á bí ìjà láàárín ẹbí.

Oníbàárà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní "bá mi tún un ṣe". Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́ta: kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ tún sípẹ́lì àti àmì rẹ̀ ṣe, àbí kí ẹ tún un kọ. Ó yẹ kí iye owó wọn yàtọ̀, kí ó sì wà lára ògiri. Bí AI bá wọ ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún un kó tó sanwó, kó sì kà á tán níwájú yín. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbúra kò gbọ́dọ̀ kọjá ìkejì, torí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà nínú wọn lè di ẹjọ́.

Ṣé ewu wà nínú lílẹ ìwé ẹlòmíràn sínú AI?

Ó wà. Spell check tó wà nínú kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, ìwé náà kò sì ní kúrò lórí tábìlì yín. Ohun tí ẹ bá lẹ̀ sínú ChatGPT tàbí irú rẹ̀ ń lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Àwọn kan nínú àwọn ayẹgírámà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ orúkọ, NIN, nọ́ńbà báǹkì àti ọ̀rọ̀ àìsàn kúrò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 dáàbò bo irú nǹkan wọ̀nyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn púpọ̀ ti ń lo kọ̀ǹpútà kan, ẹ jáde nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde.

Ọmọ mi wà ní JSS2. Ṣé kó máa lò ó?

Spell check, kó lò ó lẹ́yìn tó bá ti fúnra rẹ̀ wá àṣìṣe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. AI tó ń kọ àròkọ fún un, rárá, kò tíì tó àkókò.

Ẹni tí kíkọ̀wé nira fún, bóyá nítorí ojú tàbí àìlera mìíràn, ńkọ́?

Kó lo ohun tó bá ràn án lọ́wọ́. Bó bá lè fẹnu sọ ọ́ kí fóònù kọ ọ́, èyí dára ju kó ní kí AI hùmọ̀ rẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Kó sọ fún iléèwé ṣáájú kí wọ́n lè ṣètò fún un.

Ǹjẹ́ mo lè fi AI yẹ Yorùbá mi wò láì jẹ́ kó kọ ọ́ fún mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, a sì fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé spell check Yorùbá tó dáńtọ́ kò pọ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ yín tán. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Ẹ wá lẹ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, má ṣe ju bí ọ̀rọ̀ 150 lọ, torí bó bá gùn jù ó máa ń fo ìlà. Kí ẹ kọ èyí ṣíwájú rẹ̀:

"Má tún ìpínrọ̀ yìí kọ. Má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Kàn to àwọn ọ̀rọ̀ tí o rò pé sípẹ́lì tàbí àmì ohùn wọn kò tọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ìdí. Bí kò bá dá ọ lójú, sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà mìíràn, á ṣì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹ má gbà á, ẹ tún àṣẹ náà pa. Bó bá fún yín ní àkójọ, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè tàbí lẹ́nu ẹni tó gbọ́ Yorùbá, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣe àtúnṣe nínú fáìlì. Ẹ má kọ́pì ìpínrọ̀ rẹ̀ padà. Níkẹyìn, nínú Word, ẹ lọ sí Review, Compare, kí ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sí i. Bó bá jẹ́ àmì àti lẹ́tà ló pupa, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí odidi gbólóhùn bá pupa, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ kà á.